Ìró "Kọ́" Kan Ṣoṣo: Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí Pẹ̀lú Sítátà Tó Kọṣẹ́

Toyota Land Cruiser 75 ọdún 1994 ni ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1HZ tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, sílíńdà mẹ́fà, 4164 cc, gíà ọwọ́, bátìrì 12V kan. Sítátà rẹ̀, tí àwọn rẹwáyà wa (àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) ń pè ní kíkì-sítátà, jẹ́ Denso onígíà: mọ́tò wà lápá kan, sólénọ́ìdì (swíìṣì ńlá tó ń fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò) wà lápá kejì, gíà kékeré ló wà láàárín wọn kí agbára tó dé fìláìwíìlì, ìyẹn àgbá irin tí sítátà ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè gbà. Irú rẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, títí kan Hilux àti Land Cruiser 80, ó kàn jẹ́ pé kékeré àti ńlá ni wọ́n. Àwọn Land Cruiser kan wà tí sítátà wọn jẹ́ 24V. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun sí i.

Ọjọ́ kìíní: Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Tedé

Ìbàdàn ló ti fi hàn wá. Kọ́kọ́rọ́ yí, "kọ́" kan ṣoṣo dún lábẹ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ò mira. A yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé bátìrì ni, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Bátìrì tó ti rẹ̀ kì í dún bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́", bí ìgbà tí àkókó bá ń sọ igi. Ohun tó fà á ni pé sólénọ́ìdì fà, iná ya wọ mọ́tò, agbára bátìrì wó lulẹ̀, sólénọ́ìdì jábọ́. Bó ṣe jábọ́ ni agbára padà wá, ó tún fà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn títí ẹ ó fi jáwọ́ lára kọ́kọ́rọ́. "Kọ́" kan ṣoṣo tó dún gbọnyin túmọ̀ sí pé sólénọ́ìdì ní agbára tó tó láti fa ọ̀pá rẹ̀ wọlé kó sì dì í mú, àmọ́ iná tó yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá sí mọ́tò ni kò kọjá.

A fi mítà wọn bátìrì nígbà tí a dúró l'Ọ́yọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti sinmi fún wákàtí kan: fóòtì 12.6. Ìyẹn kún. Bó bá jẹ́ 12.2 ni, à bá sọ pé ó ti dé ìdajì. Àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ohun tí mítà sọ nígbà tí ọkọ̀ sùn dá bátìrì láre. Ìgbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí ẹ wò ó, kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 9.6. Tiwa dúró sórí 10.7 nígbà tó gbà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ní Tedé, a ti yí kọ́kọ́rọ́ nígbà mẹ́sàn-án, ó sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì gbóná o, ó tutù o, kò mú un yàtọ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la gbé ọkọ̀ sùn sí, a kọ imú rẹ̀ sísàlẹ̀, a fi òkúta dí táyà.

Ọjọ́ kejì: Tedé, Àgọ́-Àmọ̀dù, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Ọyẹ́ mú. Ìgbà mẹ́rìnlá la yí kọ́kọ́rọ́, ìgbà mẹ́rìnlá ló dún "kọ́". Ó tó àkókò láti yẹ̀ ẹ́ wò létòlétò, nítorí ọkọ̀ tó kọ̀ pátápátá rọrùn láti yẹ̀ wò ju èyí tó ń kọ̀ tó tún ń gbà lọ.

Iná iwájú la kọ́kọ́ tàn. Ẹnì kan dúró níwájú, ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Iná náà ò ṣẹ́jú. Bó bá ṣókùnkùn kó fẹ́ẹ̀ kú, à bá wá ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ bátìrì, orí bátìrì, tàbí sítátà tí nǹkan há mọ́ nínú. Iná tó mọ́lẹ̀ kedere tòun ti "kọ́" ń sọ pé mọ́tò ò tíì tọ́ iná wò rárá.

Lẹ́yìn náà, mítà. Ọ̀pá dúdú wà lára irin ẹ́ńjìnnì gan-an (kì í ṣe orí bátìrì), ọ̀pá pupa ló ń rìn kiri, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sì ń yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orí wáyà tín-ín-rín tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 50: fóòtì 11.3. Ó dára. Bó bá jẹ́ 7 ni, swíìṣì kọ́kọ́rọ́ tàbí rílé (swíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí 50) ni à bá dojú kọ. Orí bóòtù ńlá tó ń gba wáyà bátìrì, ìyẹn 30: 12.1. Ìyẹn náà dára, wáyà ńlá àti ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà lára irin ọkọ̀ padà sí bátìrì) kò jẹ̀bi. Orí bóòtù ńlá kejì, tí okùn bàbà nípọn ti ń wọ inú mọ́tò, ìyẹn C: 0.3.

Ibẹ̀ ló parí sí. Nígbà tí sólénọ́ìdì bá ti dún, 30 àti C gbọ́dọ̀ fẹ́ẹ̀ dọ́gba, nítorí àwo bàbà kan ṣoṣo ló yẹ kó so wọ́n pọ̀. Fóòtì 12.1 ní ìhín, 0.3 ní ọ̀hún: àwo bàbà yẹn ò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́.

Àwọn rẹwáyà kan ò ní fi mítà ṣe é. Wọ́n á na sukudíráfà láti orí 30 sí orí C; bí mọ́tò bá yí vùù, wọ́n á ní sólénọ́ìdì ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ wo ẹnu sukudíráfà irú wọn, ó ti jẹ bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè tó ọgọ́rùn-ún ámpíà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá máa dán irú rẹ̀ wò, kó fi gíà sí fíríì, kó fa hándíbréèkì, kó bọ́ òrùka ọwọ́.

Ohun kan wà tí a kì í sábà gbọ́. Nínú sólénọ́ìdì, wáyà wíwé méjì ló wà: ọ̀kan lágbára, òun ló ń fa ọ̀pá, èkejì rọra ń dì í mú. Alágbára yẹn gba inú mọ́tò lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ó sì yẹ kó sinmi ní kété tí àwo bàbà bá ti kan 30 àti C. Bí àwo ò bá kàn, kò ní sinmi. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú fún ìṣẹ́jú kan pé "ó máa gbà, ó máa gbà" ń yan wáyà yẹn bí àgbàdo ni, yóò sì sọ iṣẹ́ bàbà kékeré di iṣẹ́ sólénọ́ìdì odidi. Ọ̀nà kan náà yìí ló fi hàn wá pé kábọ̀nù inú mọ́tò, èyí tó ń gbé iná fún apá tó ń yí, ṣì wà: bí kábọ̀nù bá ti tán tí kò kan àmáṣọ̀ (apá tó ń yí náà) mọ́, wáyà alágbára náà ò ní rí ẹ́ẹ̀tì, "kọ́" yẹn ì bá rọ̀ tàbí kó má dún rárá.

Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣiṣẹ́ tí a gbé e fún. Kọ́kọ́rọ́ sí ON (ẹ má gbàgbé, ohun tó ń ṣílẹ̀kùn dísẹ́ẹ̀lì lára pọ́ǹpù ń lo iná), gíà kẹta, kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ti ń yí yára ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, a fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbà. Gíà kìíní ò dára lórí yanrìn àti erùpẹ̀ pupa: ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì le láti yí, táyà yóò kàn dúró fà lórí ilẹ̀ ni. Bréèkì àti sitíárì á le títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà, nítorí náà kí iwájú ṣófo. Ọkọ̀ onígíà òtòmátíìkì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Títì kò ran tirẹ̀.

Láti ibẹ̀ a ò pa ẹ́ńjìnnì mọ́ títí a fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà tó wọ Old Oyo National Park wà níbẹ̀, igbó tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. A ò wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fẹ́ kí èèyàn mẹ́rin tì í kó tó gbà kò ní iṣẹ́ kankan níbi tí kò ti sí èèyàn mẹ́rin.

Ọjọ́ kẹta: Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lábẹ́ igi máńgòrò

Nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì la kọ́kọ́ yọ, sípánà 10. Bí ẹ bá fò ó, sípánà tí ẹ fẹ́ fi tú nọ́ọ̀tì 30 yóò kan ara ẹ́ńjìnnì, ẹ ó sì rí mànàmáná lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà tín-ín-rín ti 50 (ó ní ìkọ́ kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fà á, rọ́bà àtijọ́ máa ń gan), nọ́ọ̀tì wáyà ńlá, sípánà 12, lẹ́yìn náà bóòtù méjì tó so sítátà mọ́ ilé gíábọ́ọ̀sì. Èyí tó wà lókè ni wàhálà. A fi ọ̀pá gígùn méjì so sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ọwọ́ tó tó o. Kí ẹnì kan gbé sítátà dání kí bóòtù ìkẹyìn tó jáde. Ó wúwo, ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ló sì máa ń já lé.

A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀ pupa tó bò ó kúrò lákọ̀ọ́kọ́, a nu ún gbẹ. Ẹni tó bá ṣí sítátà nínú ìdọ̀tí ń kó iyanrìn sínú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn sólénọ́ìdì ni ìdérí róbótó wà tí bóòtù kéékèèké mẹ́ta dì. Kò sí ìdí láti tú ibòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tú bóòtù gígùn méjì tó gba ara mọ́tò kọjá, ẹ má sì ya iwájú kúrò lára sólénọ́ìdì: bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà nínú níbẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì, àti róólà wẹ́wẹ́ tó yí gíà àárín ká. Tí wọ́n bá já sínú koríko, ìrìn-àjò ti yí padà nìyẹn. Láti ẹ̀yìn, ìdérí nìkan ló ń jáde, lẹ́yìn náà ọ̀pá irin tí àwo bàbà wà lórí rẹ̀, àti sípíríǹgì rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́. Kọ́ńtáàtì méjì, ìyẹn bàbà tí àwo yẹn máa ń kàn, ló dúró lápá ọ̀tún àti òsì, bàbà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga. Èyí tó wà lọ́dọ̀ C jẹ díẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ 30 ti jẹ wọnú bí oṣù tuntun, etí rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ dé orí bóòtù. Àwo orí ọ̀pá ní kòtò róbótó lójú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ni iná máa ń ta pàrà láàárín wọn, tó ń jó bàbà díẹ̀díẹ̀. Ti apá bátìrì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, àwo á sáré lọ gbá gíga, kò ní lè dé kúkúrú. "Kọ́" yẹn gan-an nìyẹn. Ó ń gbà nígbà mìíràn nítorí pé àwo náà máa ń yí díẹ̀ lórí ìdí rẹ̀, ó sì máa ń ṣe kòńgẹ́ ibi tó ṣì ga.

Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Kábọ̀nù ò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ odidi sítátà tòkunbọ̀ ni wọ́n máa ń tà fún èèyàn nítorí àìsàn yìí, tòkunbọ̀ náà sì máa ń wá pẹ̀lú kọ́ńtáàtì tó ti jẹ dé ìdajì láti ibi tó ti wá.

Kọ́ńtáàtì tuntun ò sí nítòsí, àmọ́ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe wà, ó sì ní àjákù páìpù bàbà tín-ín-rín. A là á, a fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí irin, a gé ewé méjì tí ìbú wọn kò ju ti ìdí kọ́ńtáàtì lọ, a lu ihò 8 mm sí àárín. Ewé kan fẹ́ẹ̀ nípọn tó mílímítà kan. Wọ́n wọ abẹ́ kọ́ńtáàtì 30, láàárín òun àti ilé rẹ̀, kí wọ́n lè gbé e sókè dé ìpele èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáṣà irin ṣe é. Irin á gbóná, á sì sun pílásítíìkì tó yí i ká. Álúmínọ́ọ̀mù náà ò dára. Bí bàbà bá ti wà nílẹ̀, bàbà ni kí ẹ lò.

Títò rẹ̀ padà ló gba sùúrù jù. Bóòtù, kọ́ńtáàtì, ewé bàbà, pílásítíìkì, rọ́bà róbótó, wáṣà, nọ́ọ̀tì: bí wọ́n ṣe jáde ni kí wọ́n ṣe wọlé. Fọ́tò tí a fi fóònù yà kí a tó tú u wúlò níbi yìí ju ọgbọ́n orí lọ. Nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, bóòtù fẹ́ bá a yí, kọ́ńtáàtì á sì bá bóòtù yí títí yóò fi kan ara ilé irin. Tí ẹ bá so bátìrì báyìí, wáyà ńlá yóò gbiná láìsí fíúsì kankan tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ fi píláyà di kọ́ńtáàtì mú nínú, ẹ fún un le níwọ̀nba. Pílásítíìkì ọgbọ̀n ọdún máa ń fọ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé méjèèjì ti dọ́gba? A fi màkà dúdú kun ojú kọ́ńtáàtì méjèèjì, a ti ọ̀pá wọlé láìsí sípíríǹgì, a tẹ̀ ẹ́, a yí i díẹ̀, a fà á jáde. Àmì dúdú hàn lójú àwo lápá C nìkan. Ewé kan ò tó. A fi èkejì sí i, a tún kùn ún: àmì méjì, ọ̀tún àti òsì. A pa màkà rẹ́ pẹ̀lú bẹntiróòlù, a fi sáńdìpépà fẹ́lẹ́ ra ojú àwo. Kò sí gírísì kankan níbẹ̀, kódà díẹ̀. Gírísì àti eruku ni yóò di amọ̀ tí ọ̀pá kò fi ní lè rìn mọ́. Rọ́bà ìdérí ṣì dára, a dá a padà.

A dán an wò nílẹ̀ kó tó padà sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ kan tẹ sítátà mọ́ orí táyà àpọ́jù, nítorí ó máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Wáyà jọ́ńpà dúdú sí ara rẹ̀, pupa sí 30, lẹ́yìn náà wáyà kékeré kan láti 30 kan 50 fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Gíà yọrí síta, ó yí, ó padà wọlé. A ṣe é nígbà mẹ́wàá. Kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kẹrin: Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì

Ọkọ̀ gbà láàárọ̀ ní ìfọwọ́kàn kan. Ó gbà ní Ìgbòho, ìlú tí àwọn Aláàfin fi ṣe olú-ìlú kí wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ní Kìṣí, ó gbà, àmọ́ ó ń fà, ohùn rẹ̀ wúwo. A fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì 30: ó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ.

Ewé bàbà ló fà á. Bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòlù tẹ́ kì í dọ́gba, ó sì rọ̀. Lẹ́yìn ooru bíi mélòó kan, ó ti rì, nọ́ọ̀tì tó le lánàá ti tú. A yọ nẹ́gẹ́tíìfù, a fún un ní ìdá mẹ́rin yíyí kan, a so ó padà. Ohùn rẹ̀ yá. Ẹni tó bá ṣe irú àtúnṣe yìí, kó padà fún nọ́ọ̀tì yẹn lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó bá tan ọkọ̀, kó má dúró de ooru.

Sípánà 10 ò kúrò lórí dáṣíbọọ̀dù ní gbogbo ọjọ́ náà. Kọ́ńtáàtì tí a fi ọwọ́ tún ṣe lè lẹ̀ mọ́ àwo lójijì, sítátà á sì máa yí nìṣó bí ẹ tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, orí bátìrì nìkan ni ẹ lè gbà dá a dúró, ìṣẹ́jú-àáyá sì ni ẹ ní. Kò ṣẹlẹ̀. A sun Ìgbẹ́tì, ní ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ sì tún wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún: Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn

Ìrìn títì, kò sí nǹkan kan láti kọ. Kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán a ti dé ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate, pẹ̀lú fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára sítátà àti ìwọ̀n kọ́ńtáàtì àtijọ́.

Ẹ má béèrè "kọ́ńtáàtì Land Cruiser", ìwọ̀n pọ̀. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ti 30 àti ti C lè má jọra, gíga wọn yàtọ̀ lára àwọn sítátà ńlá, ihò bóòtù sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání pẹ̀lú: bàbà gidi kò ní fà mọ́ ọn. Ẹyọ kan nínú mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fún wa lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì pẹ́kẹ́, irin tí wọ́n fi àwọ̀ bàbà kùn. A ra kọ́ńtáàtì méjì àti ọ̀pá tuntun pẹ̀lú àwo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀pá àtijọ́ sí orí kọ́ńtáàtì tuntun yóò padà wá, nítorí kòtò ojú àwo yẹn ò ní jẹ́ kó fara kàn án dáadáa. Owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ kò súnmọ́ owó sítátà tòkunbọ̀ kan.

Iṣẹ́ ọjọ́ kẹta tún wáyé, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ: wákàtí kan ààbọ̀ láti yíyọ nẹ́gẹ́tíìfù dé síso ó padà. Nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, a gbé ọ̀pá mítà kan sí 30, ọ̀kan sí C: 0.1. Láti orí pósítíìfù bátìrì sí 30: 0.3, a ò sì fẹ́ kó kọjá 0.5. Láti nẹ́gẹ́tíìfù sí irin ẹ́ńjìnnì: 0.15. Ewé bàbà méjì ti inú fíríìjì wà nínú àpótí irinṣẹ́ báyìí, wọ́n wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú màkà dúdú àti nọ́ọ̀tì 12 kan tó ṣẹ́kù.